Ta Ni A Ń Kọ́ Ilé Iṣẹ́ Fún?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí ìpàdé àwọn onímọ̀ gbé mi dé Amẹ́ríkà, àwọn ẹbí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ rán mi níṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé lẹ́bàá ìlú Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Iṣẹ́ náà kò gùn. Kí n bi í léèrè ìdí tí kò fi tíì kọ́ ilé sílé lẹ́yìn ọdún 23 tí ó ti wà lókè òkun, tí ó sì wá kó owó ńláńlá lé ilé kan tí kì í ṣe ènìyàn ni yóò gbé inú rẹ̀. Àwọn ẹbí ti rí àwòrán ilé náà lórí fóònù. Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó fi lé mi lọ́wọ́: “Bá mi bi í bóyá sípánà ni yóò sin mí.”

Ilé tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí yìí wà lẹ́yìn èyí tí àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, ìbú rẹ̀ jẹ́ 40. Ó tóbi ju ilé gbígbé fúnra rẹ̀ lọ. Mọ́tò mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀, kí ààyè sì tún ṣẹ́kù fún tábìlì iṣẹ́ àti oríṣiríṣi irinṣẹ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni àbúrò mi fi ń jẹun lọ́sàn-án. Àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ń fi ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ mú mi lọ síbẹ̀, òtútù ìta ti ju ìwọ̀n 30 lọ lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Aṣọ mẹ́rin ni mo wọ̀ lé ara wọn, síbẹ̀ eyín mi ń lu ara wọn. A wọlé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí iná, n kò rí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Àbúrò mi ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Ilẹ̀ kọnkéré tí mo tẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àgbàlá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ṣe é, nítorí pé ó kan ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ní Minnesota, omi inú ilẹ̀ a máa di yìnyín ní ìgbà òtútù. Bí ó bá sì ti ń dì ni ó ń wú, tí ó ń ti ilé sókè. Nítorí náà ni òfin ìkọ́lé fi là á sílẹ̀ pé ní agbègbè Minneapolis, ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó íǹṣì 42. Lẹ́yìn èyí, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá lé e kí ọ̀rinrin má baà gòkè, wọ́n sì to fóòmù líle lé ọ̀rá náà kí ooru má baà rì wọ ilẹ̀ lọ. Orí fóòmù yìí ni wọ́n de páìpù oníke tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, ìlà kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, títí páìpù náà fi gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,400. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò, nítorí pé bí a bá ti da kọnkéré bò ó, kò sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́. Omi tí ẹ̀rọ mú gbóná níwọ̀nba ni ó ń yí po nínú rẹ̀. Kọnkéré kì í tètè gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè tutù. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan gbáko kí ó tó gba ooru. Ìdí nìyí tí àbúrò mi kì í fi í pa ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin rẹ̀. Yálà ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ilẹ̀ ń gbóná.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo dì mú. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo sì fi tèmi kún un. Mo ní, “Ìyá wa ṣì wà nínú ilé alámọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀, ìwọ sì ń dá iná fún sípánà yá.” Àbúrò mi kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí ẹ̀yìn Bàbá?”

Mo rántí. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá wa, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Abẹ́ igi máńgòrò ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 38. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó ń dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ Bedford. Páálí ni ó ń tẹ́, bí òjò bá sì rọ̀, inú ẹrẹ̀ ni. Nígbà tí ó fi pé ẹni 60 ọdún, kò lè dìde lórí ibùsùn bí ẹnì kan kò bá fà á. Nínú ẹbí wa, ìyìn ni a fi ń ka ìrora yẹn. A ní ọkùnrin ni, a ní ojú iṣẹ́ ni ó ti gbà á. Àbúrò mi ni ó máa ń fi àdí pa ẹ̀yìn náà lálaalẹ́. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti pinnu pé ilẹ̀ tí òun yóò dùbúlẹ̀ sí kò ní fi òun ṣe bẹ́ẹ̀.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Mo wá rí i pé àwa Yorùbá fẹ́ràn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé a fẹ́ràn òógùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá ìkàwé mi, kò sì sí ẹbí tí ó rán ẹnikẹ́ni sí mi nítorí rẹ̀. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá wá tọ́jú ilẹ̀ tí ó ń dùbúlẹ̀ sí, a ní ìnákúnàá ni. Ìnira kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ní iyì. Nígbà púpọ̀, ẹ̀rí ni pé ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún ẹni tí ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ilé tí kò kọ́ sílé ńkọ́? Èyí ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ìyá tí ó sì bímọ ní ẹ̀tọ́ láti ráyè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa jẹ. Ní àdúgbò wa nìkan, mo mọ ilé alájà mẹ́ta tí àwọn ará òkè òkun kọ́, tí ó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ni ó ń gbé ẹnu ọ̀nà wọn. Bí ilé tí ènìyàn kò gbé bá jẹ́ ẹ̀sùn, ẹ̀sùn náà kò mọ sí Minnesota.

Síbẹ̀, n kò dá àbúrò mi láre tán. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà. Ooru abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Láti ayébáyé ni àwọn ará Kòríà ti ń mú kí èéfín iná ìdáná gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá, orí ilẹ̀ yẹn sì ni gbogbo ilé ti ń jẹun tí wọ́n sì ń sùn. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ mú ilé ìwẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdé gbóná. Ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin tí ó bá Minnesota pààlà, Frank Lloyd Wright tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé fi páìpù gbígbóná sábẹ́ ilẹ̀ ilé tí ó yà fún ìdílé Jacobs, tí wọ́n parí ní 1937. Ìdílé tí kò lówó púpọ̀ ni wọ́n. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, agbo ènìyàn ni a dá iná fún. Nílé àgbẹ̀dẹ tiwa náà, àgbà ń jókòó, ọmọdé ń fi ẹwìrì fẹ́ná, ẹni tí kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀ sì lè yà láti sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ 17 ni ó gba òmìnira lábẹ́ igi máńgòrò bàbá wa, tí wọ́n di ọ̀gá láyè ara wọn.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Ó rán mi létí pé wọ́n ń na àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn, pé òmíràn nínú wọn fọ aṣọ ìdílé wa ju bí ó ti mú sípánà lọ. Ó ní bí òun bá gba ọmọ ọlọ́mọ wọlé tí irin sì gé e lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ ni. Àwọn ọmọ òun fúnra wọn kò fẹ́ ríi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kí n ṣílẹ̀kùn fún?” N kò rí èsì fọ̀.

Níbi tí mo ronú dé ni pé gbèsè méjì wà lọ́rùn ẹni tí ó bá kọ́ ilé iṣẹ́. Ó jẹ ara tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìtọ́jú, ó sì jẹ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìmọ̀. Bàbá wa san èkejì, kò san èkíní, kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àbúrò mi san èkíní, èkejì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní òru tí ó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi, mo sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá ṣì wà lábẹ́ máńgòrò yẹn, tí òun náà ń tẹ́ páálí. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè bí ibẹ̀ ti fẹ̀ tó. Kí ọdún náà tó parí, owó dé, a kọ́ òrùlé, a sì da kọnkéré gidi síbẹ̀, láìsí páìpù, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹ́, kì í ṣe ooru. Ọmọ iṣẹ́ méje ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tí mo yà síbẹ̀ kẹ́yìn.

Àwọn ẹbí kan ní àlejò ni ó kọ́lé fún. Ìyá wa ní kí n mú òun lọ wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí ilẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì kí àwọn ọmọ náà kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ó ní, “Ilẹ̀ yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sùn síbẹ̀.” Mo ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn náà fún àbúrò mi. Èsì kò tíì dé.