Ṣé Ìfura ni Ọgbọ́n Èkó?

Wọ́n ní ẹni tó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, kò síbi tó tún lè lọ tí yóò gbọ́n mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wo gan-an ni wọ́n ń wí? Ìbéèrè yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọdún Àjíǹde 1986, nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èbúté Mẹ́ta, láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé.

N kò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí ìkìlọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. "Wò ó, àbúrò, Èkó kì í ṣe ilé o. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní títì, má dáhùn. Bí wọ́n bá ní aago mélòó ló lù, sọ pé o ò ní aago. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àpò rẹ, olè ni." Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ ilé kéú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mólúè, ó gba orí afárá Carter, ó já wa sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Háà! Èrò bí omi! Aláṣọ ń polówó, oníbàtà ń fa oníbàárà lọ́wọ́, àwọn alábàárù ń ké "Àgò o!" tí ẹrù sì ń gba orí ènìyàn kọjá. Mo ra aṣọ fún ìyá mi, mo gbá àpò mi mọ́ra, mo ń ti ara mi lọ. Ni mo bá gbọ́ lẹ́yìn: "Bùrọ̀dá! Bùrọ̀dá!" N kò dáhùn. Ohùn náà ń sún mọ́ mi. Lójijì, ọwọ́ kan di àpò mi mú. N kò tilẹ̀ wo ẹni náà. Mo kígbe: "Olè!"

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá sílẹ̀ láàárín ọjà. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti gbá ọmọ kan mú, bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òṣùká alábàárù wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan ti fọ́ ọ létí, òmíràn ti ń bèèrè táyà. Ìyá kan tó ń ta ìborùn ló fò dìde, ó dúró síwájú ọmọ náà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́! Kí ló gbé?" Ọmọ náà la ọwọ́. Pọ́ọ̀sì mi ni. Ibi tí mo ti sanwó aṣọ ló ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ń sá tẹ̀ lé mi kó lè fún mi.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fún un lówó, kò gbà. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó wọ inú èrò lọ. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Àlejò ni yín, àbí? Olè pọ̀ níbí, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ká tó pè é, a máa ń wò ó ná."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo rò pé mo ti gbọ́n bí ará Èkó, àṣé ẹ̀rù àlejò lásán ló ń bà mí. Ìyá tó ti pẹ́ lọ́jà, tó mọ olè jù mí lọ, òun ló kọ́kọ́ wò kó tó sọ̀rọ̀. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n. Ẹni tó ń ṣọ́ àpò rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá ti dá gbogbo ojú tó rí lẹ́bi, òun náà jalè, nítorí orúkọ rere ẹlòmíràn ló jí. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n lu ọmọ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé wọ́n pè wọ́n lólè.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ni àlejò ọjọ́ mẹ́ta fẹ́ mọ̀ nípa ènìyàn?" Kò mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ Ajé, èmi wọkọ̀, mo lọ ilé mi. Ọmọ yẹn ló padà sí Ìdúmọ̀tà, sáàárín àwọn tó gbọ́ pé wọ́n pè é lólè, tí wọn kò dúró gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi mú mi padà sí àdúgbò náà. Ìsọ̀ wà ní títì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ilé. A rìn dé mọ́ṣáláṣí Ṣítà ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mohammed Shitta Bey tó náwó kọ́ ọ, Sàró ni wọ́n bí i sí. Ọ̀gá tó bójú tó iṣẹ́ ilé náà, Àgùdà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Bràsíl dé. Àlejò lórí àlejò! Bó bá jẹ́ pé igbe olè ni wọ́n fi pàdé irú wọn ní èbúté, ṣé mọ́ṣáláṣí yẹn ìbá wà?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Èkó lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ di àpò yín mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè yín lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn ná kí ẹ tó lanu.