Ẹlẹ́rìí Ni Máàkì, Kì Í Ṣe Adájọ́

Bí ènìyàn bá fi owó gidi ra ohun tuntun, tó dán an wò, tó wá rí i pé agbára rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n sọ fún un, ta ló yẹ kó bínú sí? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àmọ́ àwa ti rí i pé ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ó ń lé ọmọ iṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń sọ oníṣòwò àti oníbàárà di ọ̀tá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ bí Ibafo àti Mowe ṣe kún. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ló kọ́lé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe kó lọ sí Ifọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́. Iṣẹ́ ìgbàlódé bá wọn dé. Ẹnìkan ń to fídíò ìgbéyàwó, ẹnìkan ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ẹnìkan ń ṣe kàtúùnù, ẹlòmíràn kàn fẹ́ràn géèmù ni. Gbogbo wọn ló nílò káàdì gíráfíìsì, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya ohun tí ojú ń rí lórí síkírìnì. Ọ̀tìgbá ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ rà á, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀. Bí wọ́n bá ti so ó tán, wọ́n á gbé ìdánwò kan lé e lórí, ìdánwò náà á sì fún un ní máàkì. Ibi tí máàkì yẹn bá ti kéré ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Káàdì tó máa ń dá irú ẹjọ́ yìí sílẹ̀ jù ni èyí tó ní ọpọlọ méjì lórí pátákó kan ṣoṣo. Kì í ṣe nǹkan àná. NVIDIA gbé GTX 690 jáde ní ọdún 2012 ní 999 dọ́là. AMD gbé R9 295X2 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ní 1,499 dọ́là. Lẹ́yìn náà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́n lójà, títí di oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Maxsun fi òmíràn hàn ní ìlú Taipei, tí wọ́n kó ọpọlọ Intel Arc Pro B60 méjì sí lórí, 24GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rà irú rẹ̀ á ti ṣe ìṣirò lọ́kàn: ọ̀kan fún mi ní ọgọ́rùn-ún, méjì á fún mi ní igba. Nígbà tí ìdánwò bá wá sọ pé ọgọ́fà ni, ojú á pọ́n.

Ìbejì ni ọpọlọ méjì yẹn. Ìyá ìbejì sì mọ̀ pé ìbejì kì í ṣe ọmọ kan tó lágbára ìlọ́po méjì. Ọmọ méjì ni wọ́n, oúnjẹ méjì, aṣọ méjì, ìwà méjì. Páálí R9 295X2 ń pariwo 8GB, ṣùgbọ́n 4GB ni ti Táyé, 4GB ni ti Kẹ́hìndé, ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń kó sínú tiwọn nígbà tí wọ́n bá ń ya géèmù kan pọ̀. Géèmù tó bá fẹ́ 6GB kò ní rí i gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ iyán. Ká ní iṣu ń lo ogójì ìṣẹ́jú lórí iná, tí gígún rẹ̀ sì ń gba ogún ìṣẹ́jú fún ẹnìkan. Bí ẹni méjì bá jọ gún un, gígún á di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé oúnjẹ á wá yá ní ìlọ́po méjì? Rárá o. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú di àádọ́ta, ó tán. Iṣu kò mọ̀ pé ọmọ odó ti di méjì. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Gene Amdahl, sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa kọ̀ǹpútà ní ọdún 1967, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí dòní. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n nídìí ààrò tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ náà. Oníbàárà á ní, "Ayédèrú lo tà fún mi." Oníṣòwò á ní, "Ọmọ tó bá ọ so ó ni kò mọṣẹ́." Ọmọ náà á ní, "Ọ̀gá, iná yín ni kò dáa." Bí ẹni kẹrin bá wà níbẹ̀, á ní ayé ló wà nídìí rẹ̀. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àdúgbò tí a ń sọ yìí, ilẹ̀ àdúrà ni. Àmọ́ bí a bá ti ṣe àmín tán, ká ṣí ìdérí kọ̀ǹpútà wò.

Kí la máa rí níbẹ̀? A lè rí i pé CPU ti pẹ́ láyé, kò lè fún káàdì níṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ tó lè sá igba kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ gbé e sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ̀kẹ́ Márúwá á kọjá lára rẹ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló jẹ̀bi? A lè rí i pé ihò tí wọ́n ki káàdì bọ̀ kò lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Káàdì Maxsun tí a dárúkọ yẹn ń fẹ́ kí mọ́dábọ́ọ̀dù pín ọ̀nà fún ọpọlọ méjèèjì; bí kò bá lè pín in, ọpọlọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà máa rí, èkejì á jókòó bí àlejò tí wọn ò kí. A sì lè rí i pé ètò tí wọ́n fi ń darí káàdì ti gbó. Dráífà ni wọ́n ń pe ètò yẹn, orúkọ náà sì bá a mu, torí bí dráífà kò bá mọ ọ̀nà, kò sí ohun tí ọkọ̀ lè ṣe sí i. Àwọn géèmù kan tiẹ̀ wà tí wọn ò kọ́ láti lo ju ọpọlọ kan lọ. Kẹ́hìndé á wà níbẹ̀, kò ní ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná àti ooru ńkọ́? 500 wáàtì ni R9 295X2 nìkan lè fà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tó 1,000 wáàtì, fáànù àti fíríìjì sì tún ń bá a fà á. Nígbà tí ooru káàdì yìí bá dé ìwọ̀n 75, òun fúnra rẹ̀ máa ń dẹ ìrìn kó má baà jóná. Ẹ wá gbé e sí yàrá kan ní Ifọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku ọ̀nà ti dí fáànù rẹ̀, tí iná sì ti lọ láti àárọ̀. Máàkì tó bá jáde níbẹ̀, máàkì káàdì ni, àbí máàkì yàrá? Àwa rò pé máàkì gbogbo wọn ni: káàdì, CPU, dráífà, iná, eruku, àti ọwọ́ tó so ó. Orúkọ káàdì nìkan ni wọ́n kọ sórí èsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyí. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Bí máàkì bá kéré, tí a sì mú ẹnìkan jáde láti ru ẹ̀bi gbogbo wọn, ìdájọ́ yẹn ti wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ẹrù ẹ̀bi náà ń já lé lórí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a láti dáhùn ni. Ọmọ iṣẹ́ ni. Wọ́n á ní kó san owó káàdì tí kò rà, tí kò sì bàjẹ́.

Ìyẹn la ṣe fẹ́ràn ọ̀nà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ń gbà wá ìdí àìsàn ẹ̀rọ. Wọn kì í yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á pa ọpọlọ kan, wọ́n á dán ìkejì wò. Wọ́n á tún ìdánwò kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Wọ́n á fi iná tó dúró wò ó, wọ́n á fi jẹnẹrétọ̀ wò ó, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Wọ́n á gbé káàdì náà lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n á sì gbé káàdì mìíràn wá sínú kọ̀ǹpútà yìí. Ohun tí baálẹ̀ tó gbọ́n ń ṣe ni wọ́n ń ṣe yẹn: pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, gbọ́ tẹnu rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2001, àwọn tó ń yẹ káàdì Radeon 8500 ti ilé-iṣẹ́ ATI wò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Wọ́n yí orúkọ géèmù Quake padà sí Quack, lẹ́tà díẹ̀ péré, máàkì káàdì náà sì lọ sílẹ̀. Dráífà ti ń wo orúkọ géèmù: bó bá ti rí Quake, á dín ẹwà àwòrán kù láti fi ra eré sísá. Ìyẹn kì í ṣe àìlágbára, ọgbọ́n àyínìke ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò tó mọ̀ pé káàdì ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún méjì, tó nù ún, tó fi ọ̀rá tuntun wé e. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí agbára rẹ̀ kò tó àti ẹni tó purọ́. Ìwádìí nìkan ló sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn. Bí a bá ti pariwo olè lé gbogbo ènìyàn lórí, olè gan-an á rí ibi sá pamọ́ sí.

Máàkì tó ga pàápàá lè parọ́ mọ́ ẹni tó ń ráhùn. Ọ̀pọ̀ tó lo káàdì ọlọ́pọlọ méjì láyé àtijọ́ ní àwòrán ń ta gọ́ńgọ́ lójú àwọn, wọ́n sì ń dá wọn lóhùn pé máàkì yín ga, ẹ lọ sinmi. Ẹ fojú inú wo ibùdókọ̀ Ibafo. Bí dáńfó méjì bá kọjá láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìṣirò á ní ọkọ̀ kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Àmọ́ bí méjèèjì bá jọ dé tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ wá dúró ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún kí òmíràn tó dé, ẹsẹ̀ yín mọ ohun tí ìṣirò kò mọ̀. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé ṣe ń kó àwòrán jáde nìyẹn. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn Tech Report ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí wọn àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n kàn ka iye rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2013, AMD gbé dráífà kan jáde tó ń mú kí àwọn àwòrán náà máa jáde létòlétò. Àwọn tó ń ráhùn kò ya wèrè. Ohun tí wọ́n ń fi wọn ọ̀rọ̀ wọn ni kò tọ́.

Bó bá jẹ́ ti káàdì nìkan ni, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn náà ń gba máàkì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò UTME jáde. Nínú ọmọ bíi 1.95 mílíọ̀nù, àwọn tó lé ní 1.5 mílíọ̀nù kò gba 200 nínú 400. Kíá ni ẹnu kó bo àwọn ọmọ náà: ọ̀lẹ ni wọ́n, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀, wọn ò kàwé. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde sí gbangba, ó sunkún, ó tọrọ àforíjì. Àtúnṣe kan tó yẹ kó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn kò dé àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997 ló kàn, ní ibùdó 157, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Kì í ṣe gbogbo máàkì tó kéré ló wá láti ibẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ti bú, tí wọ́n ti nà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí wo inú ẹ̀rọ?

Èrò tiwa nìyí. Ẹlẹ́rìí ni máàkì. Ó yẹ ká gbọ́ ọ, torí ẹni tó bá kọ etí ikún sí ẹlẹ́rìí kò fẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbé ẹlẹ́rìí sórí àga adájọ́. Ẹni tó bá ń tà, kó dán ọjà wò lójú oníbàárà, kó má ṣèlérí ìlọ́po méjì tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́. Ẹni tó bá ń rà, kó bi ara rẹ̀ ohun tí ilé rẹ̀ lè gbé kó tó sanwó. Ọ̀gá tó bá ní ọmọ iṣẹ́, kó fún un láyè láti wádìí, kó sì ka àkókò ìwádìí yẹn sí iṣẹ́ tó yẹ ká sanwó fún. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti já síbi pé ẹnìkan purọ́, kí olúwarẹ̀ dá owó olówó padà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn máàkì dáadáa, kí a tó fi í na ọmọ ọlọ́mọ.