Ìdúró àti Ìkánjú: Ọ̀rọ̀ nípa Àwọn Akọ̀wé Owó-Orí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ìrìn-àjò láti Èkó lọ sí Benin yóò mọ ìlú Ore. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Ondo àti ọ̀nà Okitipupa gbé pàdé ọ̀nà ńlá náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Awakọ̀ a máa fun fèrè. Èrò a fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, a fi ọwọ́ òsì di ẹrù rẹ̀ mú. Ìlú tí ìkánjú ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lójú ọ̀nà, tí a sì wọ inú oko tí ó yí Ore àti Odigbo ká, a ó rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Àgbẹ̀ kòkó kì í kó kòkó kúrò nínú oòrùn kí ó tó gbẹ, nítorí ó mọ̀ pé yóò bàjẹ́ nínú àpò. Síbẹ̀ àgbẹ̀ kan náà yóò sáré bí òjò bá ṣú. Kòkó tí ń gbẹ nínú oòrùn ń dúró. Kòkó tí a gbàgbé sínú òjò náà ń dúró. Ìdúró méjèèjì kò jọ ara wọn, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe àgbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ, a ó sì fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ń bá ẹlòmíràn ṣírò owó-orí, tí wọ́n sì ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Akọ̀wé owó-orí ni a ó máa pè wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ìwé pọ̀ tí ọjọ́ sì kéré, àwọn wọ̀nyí ni ó ń jókòó sí àárín ọ́fíìsì tí ń fa ẹsẹ̀ àti oníbàárà tí kò lè dúró. Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ẹni tí ó di gègé mú fún ẹlòmíràn jẹ ẹni náà, nígbà tí ẹni náà bá ń kánjú?

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Òfin sì dá ọjọ́ sí i. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún tí ó kọjá ránṣẹ́, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ẹni tí ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ròyìn èrè rẹ̀, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ní ọdún 2026, ìṣòro kan tún kún èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó-orí tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Nítorí náà òfin méjì ni ó wà lórí tábìlì akọ̀wé nígbà kan náà: èrè ọdún 2025 ni ó ní láti fi òfin àtijọ́ ṣírò, owó-oṣù tí a san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni ó sì ní láti fi òfin tuntun ṣírò. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ń bu owó-orí lé lọ́dún. Ẹni tí ó ń gba ilé gbé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ó san, bí ohun tí ó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yọ owó ilé gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun san án. Mélòó nínú wa ni ó tọ́jú rìsíìtì owó ilé?

Ẹ jẹ́ kí a ro ti oníṣòwò pákó kan ní Ore. A ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó sì fẹ́ gba iṣẹ́ pákó rẹ̀. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó-orí ọdún mẹ́ta wá kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ní ọjọ́ Ajé ni ó gbé àpò ọ̀rá kan tọ akọ̀wé wá. Rìsíìtì ọdún méjì ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ti ọdún kẹta wọlé sí. Akọ̀wé náà kò ju ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ lọ.

“Akọ̀wé, ìwé mi dà?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ìwé ọdún kan ṣì kù lọ́wọ́ yín.”

“Ṣé ìwọ kò mọ bí a ti í ṣe é ni? Kọ ohun tí ó bá jọ ọ́ síbẹ̀.”

Kí a má ṣe yára dá bàbá yìí lẹ́bi. Ìkánjú rẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, iṣẹ́ náà lọ. Bí iṣẹ́ náà bá lọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lè bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìtanràn tí òfin tuntun là sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá fi ìwé ránṣẹ́ kò kéré: ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. Òfin pàápàá mọ̀ pé ìdúró ní ìwọ̀n. Òfin owó-orí ti ọdún 1993, tí àwọn òfin tuntun ti rọ́pò, pàṣẹ pé kí a fún ẹni tí kò jẹ gbèsè owó-orí ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bá ti béèrè fún un. Ẹni tí ó bá ń wàásù sùúrù fún ẹlòmíràn, nígbà tí ebi kò pa òun, kí ó ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ìdẹwò mẹ́ta ni ó ń dojú kọ akọ̀wé ní wákàtí yẹn. Èkíní ni kí ó méfò, kí ó kọ ohun tí ó jọ òtítọ́ sí ibi tí òtítọ́ kò sí. Bí a bá wá yẹ ìwé náà wò lẹ́yìn ọdún méjì, orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀? Kì í ṣe orúkọ akọ̀wé. Akọ̀wé ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ná an tán. Oníbàárà ni yóò dúró níwájú olùyẹ̀wò láti ṣàlàyé iye tí òun kò mọ ibi tí ó ti wá. Èkejì ni kí ó gba ẹ̀yìn, kí ó fi nǹkan sí ọwọ́ ẹni tí yóò fa ìwé oníbàárà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè. Ìwé kan kò lè gòkè láìjẹ́ pé òmíràn sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò ṣẹ̀ ni ó san owó náà. Ẹ̀kẹta, tí ó dà bí ẹni pé ó kéré jù, tí ó sì wọ́pọ̀ jù, ni kí ó wí pé, “Ẹ padà wá lọ́la,” nígbà tí ó mọ̀ dájú pé ọ̀la kò ní mú nǹkan kan wá. Oníbàárà wọ ọkọ̀ láti Odigbo wá sí Ore lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé rò pé ìtùnú ni òun fi fún un. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe Ore nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Houston àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbẹ̀, a máa ń yọ owó-orí lára owó-oṣù. Bí èyí tí a yọ bá pọ̀ jù, ìjọba a dá ìyókù padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó sì ń fi ojú sọ́nà fún un láti fi san gbèsè. Ní ọdún 2013, àwọn aṣòfin wọn fi òfin owó-orí falẹ̀ títí ọdún fi yí, ìjọba kò sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé àwọn ènìyàn títí di ọjọ́ 30 oṣù Kìíní. Kòkó inú òjò ni ìdúró yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, wọ́n ṣe òfin mìíràn pé kí a má ṣe dá owó àwọn kan tí ń gba ìrànlọ́wọ́ nípa owó-orí padà kí ó tó di àárín oṣù Kejì, kí ìjọba lè kọ́kọ́ fi ohun tí òṣìṣẹ́ sọ wé ohun tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ, kí àwọn olè má baà fi orúkọ olórúkọ gba owó. Èyí jẹ́ kòkó inú oòrùn. Sí oníbàárà tí ń dúró, méjèèjì rí bákan náà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti sọ èyí tí ó jẹ́ fún un.

A tún gbọ́dọ̀ rántí ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi ń fura bí a bá dárúkọ owó-orí. Ní ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde ogun tí a ń pè ní Ogun Àdùbí, owó-orí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde ní Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí owó-orí wúwo lọ́rùn wọn, wọn kò sì rí ohun tí a ń fi í ṣe. Ẹni tí a ti sọ fún láti ìgbà baba rẹ̀ pé kí ó san, kí ó sì dákẹ́, kò lè ṣàì bínú bí a bá tún sọ fún un pé kí ó dúró, kí ó sì dákẹ́. Àlàyé kì í ṣe oore tí akọ̀wé ń ṣe fún oníbàárà, gbèsè ni.

Nígbà náà, kí ni kí ó sọ fún oníṣòwò pákó? Kí ó sọ ohun tí ó rí: “Bàbá, ìwé ọdún kẹta kò sí. Bí ẹ bá lè gba àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì kí ọjọ́rú tó kọjá, n ó fi òru ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò lè kọ ohun tí n kò rí.” Lẹ́yìn náà, kí ó fi òru ṣe é ní tòótọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí tábìlì òun fúnra rẹ̀ ni ìwé sùn sí, kí ó jẹ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì ni ó fi í falẹ̀ láìnídìí, kí ó kọ̀wé, kí ó sì bi wọ́n léèrè ní orúkọ oníbàárà rẹ̀, nítorí sùúrù kò sọ pé kí a máa wo kòkó nínú òjò. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó fi ìwé ránṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀dà rẹ̀. Ní ìparí ọdún, kí ó rán oníbàárà létí ohun tí yóò mú wá. Kí oníbàárà náà sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Bí akọ̀wé bá sọ báyìí, bàbá náà yóò kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí wọn yóò ti kọ ohun tí ó bá jọ ọ́ fún un.” Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. A kò ní ṣe ìlérí pé oníbàárà náà yóò padà wá dúpẹ́. Olódodo a máa pàdánù nígbà mìíràn, ìpàdánù náà a sì dun ilé rẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé gègé tí a yá lò kì í ṣe tiwa, a kò sì lè fi ṣe ohun tí yóò ba olówó rẹ̀ jẹ́, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ ń bẹ̀ wá kí a ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí pé a ń yọ owó-orí yín lára owó-oṣù. Nígbà kan rí, ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ wa, olùkọ́ ni akọ̀wé gbogbo ìlú. Títí di òní ẹ ṣì di gègé mú fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ìparí sáà bá dé, tí ọ̀gá ń béèrè àbájáde ìdánwò, tí àwọn òbí sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, olùkọ́ tí ó fi máàkì sí ìwé tí kò kà ti kọ ohun tí ó jọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ẹni tí ó wo ìdáhùn ní ẹ̀yìn ìwé kí ó tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti kékeré. Bí ìyá àgbà bá ní kí o ka lẹ́tà fún òun, tí o sì fo ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ nítorí pé o fẹ́ lọ ṣeré, ìyá àgbà kò ní mọ̀. Ìwọ nìkan ni yóò mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí a dúró, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Bí oòrùn bá ń ràn, kí a jẹ́ kí kòkó gbẹ. Bí òjò bá ṣú, kí a dìde. Ní àkókò méjèèjì, kí a sọ òtítọ́ fún ẹni tí ó ni oko.