ERÉ ỌMỌDÉ: OJÚRERE NI TÀBÍ Ẹ̀TỌ́?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, àdéhùn ni: bí ọmọ bá ki ọwọ́ bọ kèrègbè fún àgbà, ó yẹ kí àgbà náà bá ọmọ gbé ohun tó wà lórí pẹpẹ. Àdéhùn yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń gbé ní Kaduna àti agbègbè rẹ̀, nítorí pé a jẹ àwọn ọmọ wa ní gbèsè kan tí a kò tíì san tán.

Gbèsè wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2020. Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún náà ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé-ìwé ti tì, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna sì ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, èyí tí kò dẹ̀ dáadáa títí di oṣù Kẹfà. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbàgede wọlé. Àwọn tó ń ṣe ten-ten àti súwẹ̀ lójúde wọlé. Iwájú tẹlifíṣọ̀n àti orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti lo oṣù wọ̀nyẹn.

Nítorí ta ni a ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn? Àrùn náà kì í sábà pa ọmọdé. Àwọn arúgbó àti àwọn tí àìsàn mìíràn ti wà lára wọn ni ó ń mú balẹ̀ jù. A ti àwọn ọmọ mọ́lé kí wọ́n má baà kó o wá bá ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ló yá wa ní eré wọn kí ẹ̀mí wa lè gùn. Wọn kò bá wa dunàádúrà, a kò sì bi wọ́n.

N kò sọ pé ohun tí a ṣe nígbà náà kò dára. Ẹ̀mí ṣáájú eré. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá nǹkan, ó yẹ kó dá a padà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o. Báwo ni a ṣe wá dá a padà?

Ẹ wo bí a ṣe tò ó. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, bọ́ọ̀lù àwọn olówó gọbọi ti padà sórí pápá ní Jámánì. Nígbà tó di ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn padà sí ilé ìjọsìn. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC wọlé. Ìgbà tó di nǹkan bí oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yòókù tó padà sí ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n sì padà, ìwé tó ti pẹ́ lẹ́yìn ni a ń lé. Wákàtí eré ni a gé láti fi kún wákàtí ìwé. Ohun tí a kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ni a dá padà gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní ilẹ̀ Spain, láti àárín oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jáde ṣeré rárá, bẹ́ẹ̀ òfin gbà kí ènìyàn mú ajá rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́, wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 14, láàárín kìlómítà kan sí ilé wọn. Àwọn tó ṣe òfin náà kì í ṣe ìkà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ajá gbọ́dọ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ jáde.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè wa wà. Ṣé ojúrere ni eré jẹ́, tí a lè fún ọmọ nígbà tó bá wù wá, tí a sì lè gbà padà? Àbí ẹ̀tọ́ ni? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, dáhùn ní abala kejìlá rẹ̀: ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, eré àti ìdárayá tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní ọdún 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tó ń mú kí ara gbóná, kí èémí sì yára, fún ó kéré tán ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́. Egungun, ọkàn, oorun àti èrò inú ọmọ, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n. Nínú bojúbojú, ọmọ ń kọ́ sùúrù. Nínú ìjàkadì, ó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú, tí a sì ń dìde láìbínú. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ṣe ń pàdánù lójúde, ìgbà wo ni yóò kọ́ ọ? Ṣé ìgbà tó bá dé ipò ni?

Àwọn kan yóò ní, "Eré kì í fi oúnjẹ sínú ìkòkò." Lóòótọ́ ni. Bí eré bá sì sọ ọmọ di olókìkí, ojú wa á là kíákíá. Rashidi Yekini, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kaduna yìí, tó gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL, ni ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú Ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọdún 1994. Gbogbo wa la fi í yangàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, tí wọn kò di Yekini, ǹjẹ́ eré tiwọn ṣòfò bí? Kò ṣòfò. Ara wọn le, wọ́n sì di ènìyàn láàárín ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí àwọn ajínigbé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. A rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó ní Afaka ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àti àwọn ọmọ Kuriga ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Fún ọ̀pọ̀ òbí níhìn-ín, ilẹ̀kùn tí àrùn tì ni ìbẹ̀rù tún há. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí gan-an tí ọ̀rọ̀ fi kan ẹgbẹ́. Òbí kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ogún òbí lè ṣọ́ pápá kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé àrùn kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún àgbáyé mọ́. Ṣùgbọ́n àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé. Bí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí a ti mọ ohun tó yẹ. Ìta gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sàn ju inú yàrá tó há lọ. Ọmọ lè fo okùn, kó sì sáré, láìsúnmọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ tí ibà ń ṣe, kó sinmi. Bí ara rẹ̀ bá yá, díẹ̀díẹ̀ ni kó fi padà: kó rìn ṣáájú kó tó sáré, kó sáré díẹ̀ ṣáájú kó tó bọ́ sí ìdíje. Bí àyà bá ń dùn ún, tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, tàbí tó dákú lórí pápá, kó dúró, kí a gbé e lọ bá dókítà, nítorí àrùn náà lè kan iṣan ọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí a bá ní kí ọmọ lọ ṣeré, ọmọkùnrin ló ń jáde. Àwo ni ọmọbìnrin ń fọ̀. Gbèsè tiwọn ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, àbá mi kò le. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àdáni tí àwọn ọmọ wa ń lọ kò ní pápá. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa ṣí ọgbà kan fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí àwọn òbí pín ìṣọ́ láàárín ara wọn, kí àwọn àgbà sì jókòó síbẹ̀ kọ́ wọn ní àwọn eré ilé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ ti ki ọwọ́ bọ kèrègbè fún wa ní ọdún 2020. Pẹpẹ ló kù.

Olódùmarè yóò dá àwọn ọmọ wa sí, yóò sì jẹ́ kí wọ́n sin wá. Àṣẹ.