Ọba Ọlọ́jọ́ Méje

Kíkà: 1 Àwọn Ọba 16:8-20, 2 Àwọn Ọba 9:30-31

Ọjọ́ méje péré ni Símírì lò lórí oyè ní Tírísà. Ìdajì kẹ̀kẹ́ ogun Ísírẹ́lì ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ọba Élà, ọ̀gá rẹ̀, ti mutí yó kẹ́ri nílé Árísà nígbà tí Símírì wọlé tọ̀ ọ́, tó pa á. Bó ṣe gorí ìtẹ́ báyìí ló pa gbogbo ìdílé Bááṣà, bàbá Élà, run. Ìròyìn kan àwọn ọmọ ogun tó dó ti Gíbétónì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi Ómírì ọ̀gágun jọba, tí wọ́n sì wá sàga ti Tírísà. Nígbà tí Símírì rí i pé ìlú ti bọ́, ó wọ ààfin, ó dáná sun ún mọ́ ara rẹ̀ lórí.

Bẹ́ẹ̀ wòlíì Jéhù ọmọ Hánánì ti sọ ṣáájú pé ilé Bááṣà yóò parun. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣẹ, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ Símírì wà lọ́rùn rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ìkà. Wọ́n ti ta òróró sí Dáfídì lórí, ó bá Sọ́ọ̀lù nínú ihò àpáta, kò pa á. Ogójì ọdún ni Dáfídì fi jọba.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, orúkọ Símírì ni Jésébẹ́lì fi bú Jéhù ọmọ Nímíṣì láti ojú fèrèsé. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lọ lórí ìtẹ́ tí Baṣọ̀run Gáà fi pa á. Ní 1774, Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń wí pé: bí o láyà, o ṣèkà; bí o rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́.

Ará mi ní Ìwó, bóyá wọ́n ti ríran sí ọ pé wàá ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ. Ṣé ìyẹn ló ní kí ìwọ ọmọṣẹ́ aránṣọ máa jí nọ́ńbà àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ kọ láti inú ìwé ìwọ̀n, kí o sì máa bà á lórúkọ jẹ́ fún wọn? Parí iṣẹ́ rẹ, gba òmìnira rẹ, kí ọ̀gá rẹ súre fún ọ.

Àdúrà: Olúwa, ohun tí o ṣèlérí fún mi, jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ, má jẹ̀ẹ́ kí n já a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àmín.