Òwú Wẹ́wẹ́ Ló Dá Iná Náà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìdílé kan ń fi dráyà gbẹ aṣọ ní àjà keje Shepherd's Court, ilé gogoro alájà 18 kan ní Shepherd's Bush, ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Èéfín ló kọ́kọ́ yọ lára ẹ̀rọ náà, kí iná tó sọ. Àwọn ará ilé sá àsálà. Iná gba ojú fèrèsé jáde, ó ń gun òkè láti àjà kan bọ́ sí òmíràn. Panápaná 120 àti ọkọ̀ 20 ló bá a jà kó tó kú. A dúpẹ́ pé kò gbẹ̀mí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò lè sun ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iná yìí kì í ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ Whirlpool ti kéde pé àléébù wà lára àwọn dráyà kan tí wọ́n tà lábẹ́ orúkọ bíi Hotpoint, Indesit àti Creda, láti ọdún 2004 títí dé 2015. Èyí tí wọ́n tà ní Bìrìtìkó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Dráyà Indesit tó jóná ní Shepherd's Court wà lára wọn.

Kí ni àléébù ọ̀hún? Gbogbo aṣọ tó ń yí nínú dráyà ló ń já òwú wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Asẹ́ kan wà tó yẹ kó gba òwú náà dúró. Nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, òwú ń rí ọ̀nà gbà bọ́ sí ẹ̀yìn, ó ń kóra jọ síbi tí ojú kò tó, títí yóò fi kan irin tó ń gbóná. Òwú gbígbẹ rèé, irin gbígbóná rèé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wọn. Kò tún sí ohun tí iná ń wá mọ́.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tó rà á ni pé wọ́n lè máa lò ó lọ títí alátùn-únṣe yóò fi dé, bí wọ́n kò bá ṣáà ti fi í sílẹ̀ lọ. Ìdílé Shepherd's Court kò fi í sílẹ̀ lọ, inú ilé ni wọ́n wà. Oṣù kejì ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ náà tó sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá. Ó di oṣù keje ọdún 2019 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ẹ̀rọ náà padà. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn kò dára. Ẹ̀rọ tí ẹ bá ti mọ̀ pé ó lè gbiná, ẹ má ṣe lò ó mọ́.

Bí ẹ bá ń gbé Àgídìngbì ní Ìkẹjà, l'Ékòó, ẹ lè ní kí ló kàn yín. Ó kàn yín. Àwọn alágbàfọ̀ tó ń lo dráyà pọ̀ ní Ìkẹjà, tokunbo sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọ ilé wa. Ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, inú mọ́tò tokunbo ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé iṣẹ́ ń kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí. Lẹ́tà náà kì í bá ẹ̀rọ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Apápá.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àkọlé kékeré tó wà létí ilẹ̀kùn dráyà, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá a padà. Tí dráyà bá ti wà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ máa nu asẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo aṣọ tí ẹ bá gbẹ, ẹ má dúró dìgbà tó bá kún. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ máa tú ẹ̀yìn rẹ̀ gbọn òwú inú rẹ̀ dànù.

Fìríìjì náà ń kọ́? Lójú pópó Lateef Jakande ní Àgídìngbì, níbi tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n LTV àti Cadbury wà, ọkọ̀ àti eruku kì í dáwọ́ dúró. Eruku yẹn ń bo páìpù tó ń tú ooru síta lẹ́yìn fìríìjì, ẹ̀rọ yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fà á kúrò lára ògiri, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Tí iná mọ̀nàmọ́ná bá sì lọ, ẹ pa áyọ́ọ̀nù, dráyà àti sítóòfù oníná kí ẹ tó jáde, nítorí ẹ kò mọ ìgbà tí iná yóò dé.

Bí ẹ bá gbóòórùn ohun tó ń jó lára ẹ̀rọ, ẹ pa iná ní ìdí mítà, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe 767 tàbí 112. Aláùsá ní Ìkẹjà ni olú iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Èkó wà.