Ṣé Ẹ̀rọ tí A Tún Ṣe Ṣì Ni Ti Àtijọ́?

Ká ní ẹnìkan fẹ́ ṣí ilé eré sí Ìjerò, tó ra ẹ̀rọ Pac-Man tó ti bàjẹ́. Eré ilẹ̀ Japan ni. 1980 ló jáde. Tẹlifíṣọ̀n ńlá inú rẹ̀ ti kú. Ó fi èyí tó pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ti dípẹtà; ó fi kọ̀ǹpútà kékeré síbẹ̀. Àpótí pákó nìkan ló kù. Ó wá kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé: "Ẹ̀rọ 1980 gan-an." Ṣé ó parọ́?

Bàbá mi ní kò parọ́, torí eré kan náà ni. Mo rò ó títí. Iná jó ààfin Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n rí. Agbọnbíọfẹ́ gbẹ́ òpó tuntun sí i, wọ́n parí rẹ̀ ní 1916. Ààfin Aláayè náà la ṣì ń pè é. Àmọ́ a kò sọ pé òpó tó jóná ló dúró níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ tuntun la ń dá.

N kò bá onílé eré jà pé ó pààrọ̀ nǹkan. Ọmọ tó sanwó wọlé ni mò ń rò, tó ń yangàn nílé pé òun ti fọwọ́ kan ohun àtijọ́. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ sára àpótí náà, àti orúkọ ẹni tó tún un ṣe.